ERUKU IBI IṢẸ́ ÀTI Ẹ̀DỌ̀FÓRÓ ÒṢÌṢẸ́

  

 Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ jọ kọ́ nínú ìwé ìròyìn ọdọọdún wa ti ọ̀tẹ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀kọ́ náhàwù tàbí ti sárífù. Ẹ̀kọ́ nípa ara wa ni. A mú un nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn òbí tí ń san owó ilé-kéú àwọn ọmọ wọn, inú eruku ni wọ́n ti ń rí owó náà. Àwọn kan ń fọ́ òkúta, àwọn kan ń la pákó, àwọn kan ń gé táìlì, àwọn kan ń lọ èlùbọ́, àwọn kan ń ru sìmẹ́ǹtì. Bí ilé-ìwé bá sì gba ìsinmi, àwọn ọmọ wa náà a máa tẹ̀lé wọn lọ láti wá owó ìwé àti owó aṣọ iléyá.

Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́, a kò sì gbọdọ̀ kẹ́gàn iṣẹ́ ọwọ́ kankan tí ó jẹ́ halali. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ohun tí eruku iṣẹ́ náà ń ṣe nínú àyà ẹni tí ń ṣe é, àti ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe, kí oúnjẹ òòjọ́ má baà di ohun tí ń gba ẹ̀mí lọ́wọ́ ẹni tí ń wá a.

IṢẸ́ TÍ Ẹ̀DỌ̀FÓRÓ Ń ṢE

Ẹ̀dọ̀fóró méjì ni Ọlọ́hun fi sí àyà ènìyàn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Láti imú àti ẹnu ni afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Yóò gba kòmóòkun kọjá, ọ̀nà náà yóò pín sí méjì, méjì yóò pín sí mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa pín bí ẹ̀ka igi títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn àpò kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn àpò yìí tó nǹkan bí mílíọ̀nù 300 sí 500 nínú àyà àgbàlagbà kan. Awọ wọn fẹ́lẹ́ púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn ní ẹ̀yìn awọ náà. Ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń gba afẹ́fẹ́ tí ó dára, ibẹ̀ náà ni ó ti ń dá èyí tí ara ti lò tán padà síta.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè Lárúbáwá, ẹ mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn wa ni ó kọ́kọ́ kọ àlàyé tí ó tọ̀nà lórí ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Ibn an-Nafīs. Damásíkù ni ó ti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ìlú Kairo ni ó ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọdún 1288, èyí tí í ṣe ọdún 687 lẹ́yìn Híjírà. Nínú àlàyé tí ó ṣe sórí ìwé Ibn Sīnā, ó kọ ọ́ pé ẹ̀jẹ̀ kì í gba ara ògiri tí ó wà láàárín ọkàn kọjá gẹ́gẹ́ bí àwọn Gíríìkì ti rò. Ó ní láti apá ọ̀tún ọkàn ni ẹ̀jẹ̀ ti ń lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, tí yóò pàdé afẹ́fẹ́ níbẹ̀, kí ó tó padà wá sí apá òsì. Ó tó ọ̀ọ́dúnrún ọdún lẹ́yìn náà kí àwọn ará Yúróòpù tó kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé.

Ìdí tí a fi mú èyí wá ni pé kí á mọ̀ pé ohun tí ó bá bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó ti bọ́ sí ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀dọ̀fóró bá bàjẹ́, ọkàn yóò ṣe iṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ, gbogbo ara yóò sì máa rẹ̀.

ERUKU TÍ OJÚ Ń RÍ ÀTI ÈYÍ TÍ OJÚ KÒ RÍ

Eruku kò rí bákan náà. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn ohun tí ó kéré báyìí ni máíkírọ́ọ̀nù. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìpín kan nínú rẹ̀ ni máíkírọ́ọ̀nù kan. Fọ́nrán irun orí ènìyàn nípọn tó nǹkan bí máíkírọ́ọ̀nù 70. Eruku tí ó bá tóbi ju máíkírọ́ọ̀nù 10 lọ, irun imú àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun ni yóò mú púpọ̀ nínú rẹ̀; a ó sín, a ó húkọ́, a ó sì tu ú dànù. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá èyí tí kò ju máíkírọ́ọ̀nù 4 lọ, yóò kọjá lára gbogbo ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí, yóò sì dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, ní ibi àwọn àpò tí a ti sọ̀rọ̀ wọn.

Níbí ni ojú ti ń tan òṣìṣẹ́ jẹ. Eruku tí ó funfun lórí ìpéǹpéjú àti lára aṣọ rẹ̀ kọ́ ni ó léwu jù. Èyí tí ń pa ènìyàn ni èyí tí ojú kò rí, tí yóò ṣì máa fò nínú afẹ́fẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí eruku ńlá ti balẹ̀. Bí ìtànṣán oòrùn bá gba ojú fèrèsé wọ inú yàrá, a ó rí ohun wínníwínní tí ń jó nínú ìmọ́lẹ̀ náà. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí oòrùn tó wọlé; ìmọ́lẹ̀ ni ó fi wọ́n hàn wá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé, "Eruku ti lọ, ẹ jẹ́ kí á jókòó jẹun níbí," kò tíì mọ ohun tí ó ń mí sínú.

Mùsùlùmí tí ń ṣe àlùwàlá ń fín omi símú, ó sì ń fún un jáde. Sunna tí ó dára ni, ó sì ń fọ eruku tí ó dúró sí imú kúrò. Ṣùgbọ́n omi àlùwàlá kì í dé ẹ̀dọ̀fóró, kò sì yẹ kí ó dé ibẹ̀. Eruku tí ó bá ti kọjá imú ti bọ́ lọ́wọ́ àlùwàlá.

BÍ ERUKU ÒKÚTA ṢE Ń BA Ẹ̀DỌ̀FÓRÓ JẸ́

Nínú òkúta gíráníìtì, nínú iyanrìn, nínú kọnkéré, bíríkì àti ọ̀pọ̀ táìlì, ohun kan wà tí a ń pè ní sílíkà. Níwọ̀n ìgbà tí òkúta bá wà ní odidi, sílíkà inú rẹ̀ kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ìgbà tí a bá fọ́ ọ, tí a bá lọ̀ ọ́, tí a bá lu ú, tàbí tí a bá fi ẹ̀rọ gé e ní gbígbẹ ni ó ń di eruku tí ó kéré tó láti dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró.

Ọlọ́hun fi àwọn ẹ̀ṣọ́ kan sínú àwọn àpò ẹ̀dọ̀fóró. Iṣẹ́ wọn ni láti gbé ohunkóhun tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀ mì. Bí kòkòrò àìsàn bá wọlé, wọn yóò gbé e mì, wọn yóò sì pa á. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé sílíkà mì, wọn kò lè pa òkúta. Òkúta ni yóò pa wọ́n. Bí ẹ̀ṣọ́ kan bá kú, ohun inú rẹ̀ yóò tú síta, yóò sì dá ọgbẹ́ sí ibẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ mìíràn yóò dé, yóò tún gbé sílíkà yẹn kan náà mì, òun náà yóò kú. Báyìí ni ọgbẹ́ yóò máa gorí ọgbẹ́. Ọgbẹ́ tí ó bá jinná yóò di àpá, àpá kì í sì í ná bí awọ ti ń ná. Ẹ̀dọ̀fóró tí ó yẹ kí ó rọ̀ bíi fóòmù yóò wá máa le. Àrùn yìí ni àwọn dókítà ń pè ní sílíkósíìsì.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àrùn yìí ń gbà wá:

1. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí ń yọjú lẹ́yìn ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún ẹni tí ń mí eruku náà ní ìwọ̀nba lójoojúmọ́. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

2. Èkejì ni èyí tí ń dé láàárín ọdún 5 sí 10, fún ẹni tí eruku rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀.

3. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ń dé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí ọdún díẹ̀, fún ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú eruku tí ó ṣú dùdù. Èyí ni ó ń yára pa ènìyàn jù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó ní àrùn yìí lè má mọ nǹkan kan rárá. Lẹ́yìn náà ni ikọ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Yóò wá di pé bí ó bá gun òkè tàbí bí ó bá gbé ẹrù, èémí rẹ̀ yóò máa sáré. Nígbà tí ó bá le, àtiwọ aṣọ àti àtiwólẹ̀ nínú ìrun yóò di iṣẹ́ ńlá fún un. Kò sí oògùn tí ó lè mú àpá yìí kúrò. Àpá náà lè máa pọ̀ sí i kódà lẹ́yìn tí ènìyàn ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Àrùn yìí kì í dá wá. Ẹni tí sílíkà ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní TB máa ń tètè mú un ju ẹlòmíràn lọ, nítorí àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ì bá pa kòkòrò rẹ̀ ti kú. Ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ sì ń ràn. Báyìí ni eruku tí bàbá mí sínú níbi iṣẹ́ ṣe lè di àìsàn ìyàwó àti àwọn ọmọ nílé. Ní ọdún 1997, àjọ tí ń ṣe ìwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé eruku sílíkà tí a bá ń mí símú níbi iṣẹ́ wà lára ohun tí ó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ.

ÀWỌN ERUKU MÌÍRÀN TÍ Ó WÀ NÍ ÀYÍKÁ WA

Eruku pákó: Ó ń fa ikọ́ àti èémí híhan fún àwọn káfíńtà àti àwọn tí ń la igi. Ní ọdún 1995 ni àjọ kan náà kéde pé ó lè fa jẹjẹrẹ inú imú.

Eruku fúláwà, èlùbọ́ àti ọkà: Àwọn tí ń ṣe búrẹ́dì àti àwọn tí ń lọ nǹkan lẹ́rọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ní àsímà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò ní in rí. Ohun jíjẹ ni fúláwà, ṣùgbọ́n ikùn ni Ọlọ́hun dá a fún.

Eruku òwú: Ó ń mú àyà fún àwọn tí ń gbọn òwú àti àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ òwú. Àmì rẹ̀ ni pé ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìsinmi ni àyà máa ń fún wọn jù.

Eruku sìmẹ́ǹtì: Ó ń ta ojú, imú àti awọ ara, ó sì ń fa ikọ́. Ẹni tí ó bá ń gé kọnkéré tí ó ti gbẹ tún ń mí sílíkà mọ́ ọn.

Eruku ṣọ́ọ̀kì: Àwa olùkọ́ náà kò gbẹ́yìn. Ṣọ́ọ̀kì lè mú wa húkọ́, ó sì lè dí wa lọ́fun, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹgbẹ́ eruku òkúta, nítorí sílíkà kò pọ̀ nínú rẹ̀. A sọ èyí kí a lè fi ìbẹ̀rù sí ibi tí ó yẹ kí ó wà. Aṣọ tútù ni kí á fi máa nu pátákó.

OHUN TÍ Ó TI ṢẸLẸ̀ SÍ ÀWỌN TÍ Ó ṢÁÁJÚ WA

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1700, dókítà kan ní ilẹ̀ Ítálì, Bernardino Ramazzini, tẹ ìwé kan jáde lórí àrùn tí iṣẹ́ ọwọ́ ń fà. Ó kọ nípa àwọn agbẹ́kùúta, àwọn tí ń ku ọkà, àti ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ mìíràn. Ó gba àwọn oníṣègùn nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa bèèrè iṣẹ́ tí aláìsàn ń ṣe lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1930, ní ìpínlẹ̀ West Virginia ní Amẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò gba inú òkè kan tí wọ́n ń pè ní Hawks Nest, kí omi lè gba ibẹ̀ lọ yí ẹ̀rọ iná mànàmáná. Òkúta òkè náà kún fún sílíkà. Ní gbígbẹ ni wọ́n ń lu ú. Púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà jẹ́ ènìyàn dúdú, ọmọ-ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Áfíríkà, tí wọ́n wá iṣẹ́ wá láti ìhà gúúsù. Láàárín ọdún díẹ̀, ó ju 400 lọ nínú wọn tí ó kú. Ìṣirò mìíràn tilẹ̀ sọ pé ó ju 700 lọ. Ní ọdún 1936, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà jókòó gbọ́ ẹ̀rí lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ní ilẹ̀ wa Nàìjíríà, ní ọdún 1975, àwọn dókítà gbé ìwádìí jáde nípa àrùn sílíkósíìsì láàárín àwọn tí ń gbẹ́ ọlọ ní apá Àríwá. Ọlọ tí àwọn ìyá wa fi ń lọ ata àti ọkà, ẹ wo ohun tí ó ń ṣe fún àyà ẹni tí ó gbẹ́ ẹ.

Ní ilẹ̀ Tọ́kì, ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ fẹ́ iyanrìn sára ṣòkòtò jíìnsì kí ó lè dà bí èyí tí ó ti gbó, nítorí oge. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin, tí àwọn kan kò tíì pé ogún ọdún, ni ń ṣe iṣẹ́ náà nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Láàárín ọdún díẹ̀ ni sílíkósíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n, kí ìjọba tó fi òfin de iṣẹ́ náà ní ọdún 2009. Ìgbà tí a bá tún rí irú ṣòkòtò bẹ́ẹ̀ lọ́jà, ẹ jẹ́ kí á rántí èyí.

Ní ọdún 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, ó ju 400 ọmọdé lọ tí ó kú. Àwọn ènìyàn ń lọ òkúta tí wúrà wà nínú rẹ̀ ní agbo ilé wọn, òjé sì wà nínú òkúta náà. Ọ̀ràn tiwọn kì í ṣe ti ẹ̀dọ̀fóró. Májèlé òjé ni ó gba ẹnu àti imú wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kan gbogbo wa: eruku iṣẹ́ kì í dúró sí ibi iṣẹ́. Ó máa ń tẹ̀lé bàbá wá sílé.

ÀWỌN ÈRÒ TÍ KÒ TỌ̀NÀ

Àwọn kan ní bí àwọn bá ti mu mílíìkì alágolo tàbí epo pupa lẹ́yìn iṣẹ́, eruku yóò wá sílẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọ̀nà méjì ni ó wà ní ọ̀fun. Ọ̀kan ń lọ sí ikùn, èkejì ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Mílíìkì àti epo ń gba ọ̀nà ikùn lọ. Wọn kò ní ibi tí wọ́n fi ń pàdé eruku tí ó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró. Mílíìkì jẹ́ oúnjẹ tí ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé e fún eruku kàn ń tan ara rẹ̀ ni.

Àwọn kan ń fi áńkáṣíìfù tàbí etí láwàní di imú. Ó ń dá eruku ńlá dúró, ṣùgbọ́n èyí tí ń pa ènìyàn ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Àwọn kan ní, "Ara wa ti mọ́ ọn." Ara kì í mọ́ òkúta. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àrùn náà kò tíì yọjú.

Àwọn mìíràn ní kádàrá ni. A gba kádàrá gbọ́, ó wà lára ìgbàgbọ́ wa. Ṣùgbọ́n a mọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí ó bi Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, bóyá kí òun fi ràkúnmí òun sílẹ̀ láìso, kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun. Ànábì ní kí ó kọ́kọ́ so ó ná. Gálọ́ọ̀nù omi tí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ òkúta ni okùn ràkúnmí tiwa.

OHUN TÍ Ẹ̀SÌN WA SỌ

Àwọn onímọ̀ bíi al-Ghazālī àti ash-Shāṭibī ṣe àlàyé pé ohun márùn-ún ni òfin ẹ̀sìn wá láti dáàbò bò: ẹ̀sìn, ẹ̀mí, làákàyè, àrọ́mọdọ́mọ àti dúkìá. Ẹ wò ó pé ẹ̀mí ṣáájú dúkìá. Nínú Súrátul-Bakọrah, áyà 195, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa láti fi ọwọ́ ara wa ju ara wa sínú ìparun. Ànábì wa sì kọ́ wa pé a kò gbọdọ̀ ni ara wa lára, a kò sì gbọdọ̀ fi ìnira san ìnira.

Ẹ jẹ́ kí á tún wo ìmọ̀ fíkíhì. Àdéhùn gbígba ènìyàn síṣẹ́ ni Lárúbáwá ń pè ní ijāra. Ohun tí ọ̀gá ń fi owó rẹ̀ rà nínú àdéhùn yìí ni àǹfààní iṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní manfa‘a. Kò ra ara òṣìṣẹ́. Ẹni tí ó háyà ẹṣin láti gùn ún dé ìlú kan gbọ́dọ̀ dá ẹṣin padà fún olówó rẹ̀ ní ààyè. Bí ó bá di ẹrù tí ó ju àdéhùn lọ lé e lórí tí ẹṣin fi kú, yóò san án. Bí ti ẹranko bá rí báyìí, kín ni ká wá sọ nípa ọmọ ènìyàn? Owó ojúmọ́ ni ọ̀gá san. Kò san owó ẹ̀dọ̀fóró. Òṣìṣẹ́ pàápàá kò ní àṣẹ láti tà á, nítorí àmánà Ọlọ́hun ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá tí ó ń tètè san owó òṣìṣẹ́ ti ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n kò tíì san gbogbo ẹ̀tọ́ tí ó bá fi í sílẹ̀ nínú eruku.

OHUN TÍ Ó YẸ NÍ ṢÍṢE

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Níbi eruku, bí òwe yìí ti wí gan-an ni.

1. Kí á lo omi. Kí á rin òkúta kí á tó fọ́ ọ, kí á sì máa rin ín bí iṣẹ́ ti ń lọ. Kí á wọ́n omi sílẹ̀ kí á tó gbálẹ̀. Kí á kó ẹrẹ̀ rẹ̀ kúrò kí ó tó gbẹ, nítorí bí ó bá gbẹ, yóò tún fò. Ṣùgbọ́n a kì í da omi sí ẹ̀rọ iná mànàmáná tí a kò ṣe fún omi. Ẹ̀rọ ìgé-táìlì tí ó ní ojú omi wà, òun ni kí á lò.

2. Kí á mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Kí á dúró kí atẹ́gùn máa ti ẹ̀yìn wa gbé eruku lọ. Ilé ìlọta àti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà gbọ́dọ̀ ní fèrèsé ní ìhà méjì. Kí àwọn tí kò ṣe iṣẹ́ náà, pàápàá aboyún àti ọmọdé, jìnnà sí ibẹ̀.

3. Kí á lo ìbòmú tí ó tọ́. Èyí tí wọ́n kọ N95 tàbí FFP2 sí lára ni ó lè mú eruku kéékèèké, bí ó bá lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa. Irùngbọ̀n tí ó kún kì í jẹ́ kí ó lẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó dá irùngbọ̀n sí kò gbọdọ̀ fi ọkàn tán ìbòmú. Omi àti atẹ́gùn ni kí ó fi ṣe ààbò àkọ́kọ́. Òun nìkan kọ́: fún gbogbo wa, ìbòmú ni ó kẹ́yìn nínú ohun ààbò.

4. Kí á bọ́ aṣọ iṣẹ́ kí á tó wọlé, kí á sì fi omi fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Kí á má gbọ̀n ọ́n nínú ilé, kí á má sì fi ẹ̀rọ tí ń fẹ́ táyà fẹ́ ẹ.

5. Kí ẹni tí ń mu sìgá jáwọ́. Èéfín àti eruku ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

6. Bí ikọ́ bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kí á lọ sí ilé ìwòsàn, kí á sì sọ iṣẹ́ tí à ń ṣe àti iye ọdún tí a ti ń ṣe é fún dókítà, kódà bí kò bá bèèrè. Ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú ikọ́ jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tí ń tọ́jú rẹ̀ ní Nàìjíríà.

7. Kí àwọn tí ó ní ilé-iṣẹ́ mọ̀ pé òfin Factories Act pa á láṣẹ fún wọn láti dáàbò bo òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ eruku. Employee's Compensation Act ti ọdún 2010 sì fi àrùn tí iṣẹ́ fà kún ohun tí a ó san owó fún. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí à ń bá sọ̀rọ̀ kò sí nínú ilé-iṣẹ́ tí ó ní ògiri; lábẹ́ igi ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Àwa jàmáà ni òfin tiwọn. Ẹni tí ó bá fi páìpù omi, gálọ́ọ̀nù tàbí ìbòmú tí ó tọ́ ta wọ́n lọ́rẹ ti ṣe sáráà. Bí a bá sì ń kọ́ mọ́ṣáláṣí, kò dára kí a gé táìlì rẹ̀ ní gbígbẹ lójú wa kí a máa wò ó.

8. Ẹ̀yin òbí, a bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ yín fọ́ òkúta. Ẹ̀dọ̀fóró ọmọdé ṣì ń dàgbà. Ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 12, nígbà tí ó bá pé 27, tí ó yẹ kí ó máa gbé ìyàwó, eruku ọdún 15 ti wà ní àyà rẹ̀. Bí owó ìwé bá ṣòro, ẹ wá bá àwa olùkọ́ sọ̀rọ̀. Ó sàn kí a jọ wá ọ̀nà rẹ̀ ju kí ọmọ fi èémí rẹ̀ san án.

ÌPARÍ

Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo wa mú lọ ni pé eruku tí ń pa òṣìṣẹ́ kì í ṣe èyí tí ó ń rí, àpá rẹ̀ kò ní oògùn, ṣùgbọ́n omi lásán, bí a bá dà á ní àkókò, lè dènà púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó mọ èyí tí kò sọ ọ́ fún ọmọnìkejì rẹ̀ ti fi ẹ̀tọ́ du ú.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn tí àyà ń dùn ní àlàáfíà, kí Ó foríji àwọn tí ó ti lọ, kí Ó fi ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí Ó má jẹ́ kí á fi ẹ̀mí wá owó. Āmīn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Ta ni Ibn an-Nafīs, kín ni ó sì sọ nípa ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró?

2. Kí ló dé tí eruku tí ojú kò rí fi léwu ju èyí tí ojú ń rí lọ?

3. Ṣàlàyé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀dọ̀fóró bá gbé sílíkà mì.

4. Kí ni ìdí tí mílíìkì àti epo pupa kò fi lè kó eruku kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró?

5. Kín ni ijāra? Kí ni ọ̀gá rà nínú rẹ̀, kí sì ni kò rà?

6. Béèrè lọ́wọ́ ẹnìkan nínú ilé yín tí ń ṣiṣẹ́ nínú eruku, ọ̀nà tí ó ń gbà dáàbò bo ara rẹ̀. Ka ẹ̀kọ́ yìí sí i létí.